Ìrìn Méje Tí Mo Kọ Síwèé

Sàbítíyù ni orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí pé n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí lójú ayé rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, Sàbítíyù sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àkọ́bí ilé wọn ní Kemta, ní Abẹ́òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni mo fún un ní orúkọ tí ìyàwó máa ń fún àwọn ará ilé ọkọ. Adúmáadán ni mo pè é, nítorí ó dúdú, ó sì ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é títí ó fi kú, tí mo ń fi orúkọ dídùn bo ohun tó wà nínú mi mọ́lẹ̀. Èmi náà ti darúgbó báyìí, orúnkún mi kò gba ìkúnlẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ. Sàbítíyù. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, ṣáájú òtútù, ṣáájú àwọn òyìnbó, ṣáájú ọkọ mi pàápàá.

Ọmọ mi ló gbà lọ́wọ́ mi. Mojísọ́lá ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Abẹ́òkúta ló wà títí di òní, ó ti ní ọkọ, ó ti bímọ, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. "Mà" ló ń pè mí. Ẹni tó bá jẹ́ ìyá yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọdún 1978 ni mo lọ. Ọkọ mi ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún kan, ó ní kí n máa bọ̀. Mojí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tíṣà ìjọ ni mí, èmi náà sì ti di tíṣà, mo mọ̀wé, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀wé. Sàbítíyù kò mọ̀wé kankan àfi kéwú. Àdìrẹ ló ń tà ní ọjà Ìtòkú. Kò bímọ.

"Fi í sílẹ̀, Ìyàwó," ni ó wí. "Ṣé inú òtútù yẹn lo fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ lọ? Ọdún mélòó lo fẹ́ lò níbẹ̀?"

"Ọdún méjì péré ni, Adúmáadán."

"Méjì náà nìyẹn! Kí a tó jẹ Iléyá méjì, o ti dé. Máa lọ. Bí o ṣe fi í sílẹ̀ lo máa bá a."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fi ń bá a rojọ́ nínú ọkàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí o ṣe fi í sílẹ̀ lo máa bá a.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé ènìyàn lè jáde nílé láàárọ̀, kí ó wọ bọ́ọ̀sì, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì padà wálé láìsí ẹni tó kí i. Nílé, a ń kí ẹni tó jókòó kú ìjókòó, a ń kí ẹni tó dúró kú ìdúró, ẹni tí kò sì ṣe nǹkan kan rárá, a ó kí i kú ìsinmi. Obìnrin kan wà ní yàrá tó wà lókè tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kí i lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó yí àkókò tó ń jáde padà.

Ilé ìfọṣọ ọsibítù kan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Èmi tí mo ti dúró níwájú ogójì ọmọ, tí mo ń kọ́ wọn ní gírámà, mo wá ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀gá wa wọlé, ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń yọjú wo abẹ́ tábìlì.

"Kí lo sọ nù?" ni ó bi mí. "Bọ́tìnnì ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bọ́tìnnì ni. Àwa méjèèjì wá jọ ń wá bọ́tìnnì tí kò sọ nù, àwọn tó kù ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìlú yẹn, àfi nínú àgọ́ tẹlifóònù.

Tẹlifóònù kò sí ní ilé wa ní Kemta. Ilé lọ́yà kan tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ló ní in. A fi Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ṣe àdéhùn. Sàbítíyù yóò gbé Mojí lọ síbẹ̀ ní agogo mẹ́rin, èmi yóò sì máa pe nọ́ńbà náà títí yóò fi wọlé. Ìgbà mìíràn kò ní wọlé. Bó bá wọlé, tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èmi a kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù náà kí n tó kí i. Kò sí ẹni tó ń wò mí, mo sì ń kúnlẹ̀. Mojí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà náà. Yóò kí mi, yóò wá máa mí sínú ẹ̀rọ náà, èmi náà yóò máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ní ọdún kejì, mo rí iṣẹ́ gidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ìkàwé àdúgbò wa kọ̀ mí, wọ́n gbà mí ní ìgbà kẹrin, wọ́n fi mí sí apá ti àwọn ọmọdé. Inú mi dùn dé ibi pé mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ibùdókọ̀, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá mi. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ọlidé gígùn dé ni mo mọ̀ pé gbogbo òyìnbó kọ́ ló ń rìnrìn àjò lọ sétí òkun. Àwọn kan kò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Nítorí irú wọn, ilé ìkàwé máa ń lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ ibi tí ìyá àti bàbá lè mú ọmọ lọ láìjáde nílùú sínú rẹ̀: ọgbà tí pẹ́pẹ́yẹ wà, ilé ohun àtijọ́ tí wọn kì í gbowó níbẹ̀, odò tí ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ń gbà kọjá. Ọ̀gá wa ń wá ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Tèmi ni wọ́n mú. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pẹ̀lú tàdáwà pupa àti dúdú, gbogbo wọn sì yìn mí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin òyìnbó kan dúró níwájú ìwé náà pẹ̀lú ọmọ méjì. Èyí àbúrò ń fò sókè, ó ń na ìka sí ibi tí mo kọ pẹ́pẹ́yẹ sí. Mo lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn pẹpẹ ìwé, mo fi orí ti ìwé. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń wá ìgbádùn fún. Tèmi wà ní Kemta, n kò sì mọ ohun tó ń fi ọlidé ṣe.

Nígbà tí a jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, mo ra lẹ́tà pélébé aláwọ̀ búlúù, mo kọ ìrìn méje sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méje tí ọmọ yóò fi wà nílé.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gun Olúmọ, láàárọ̀, kí òòrùn tó mú. Kí Mojí wo gbogbo òrùlé páànù tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀, kí ó wá tiwa rí láàárín wọn. Kí wọ́n wọ rélùwéè ní Láfẹ́ńwá dé Ìtorí, kí ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n jẹ ẹ̀pà sísè, kí wọ́n sì padà. Kí Sàbítíyù fún un ní aṣọ funfun kékeré kan ní Ìtòkú, kí ó fi ìko dì í fúnra rẹ̀, kí ó rì í sínú aró, kí ó rí ohun tí yóò jáde. Kí wọ́n dúró lórí afárá, kí wọ́n ju òkúta sínú odò Ògùn, kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ o. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí ìrẹsì bá ti ń gbó, kí wọ́n lọ sí oko àwọn ìyá mi ní Ọ̀fàdà lọ lé ẹyẹ. Ìkẹfà ni kí wọ́n lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Aké, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi.

N kò ní parọ́ ní ọjọ́ ogbó mi. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí tó ń kírun márààrún ni Sàbítíyù. Mo kọ Aké síbẹ̀ kí ó lè fò ó, kí n lè rí ohun kan tí màá fi bú u.

Ìkeje, mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ má lọ síbì kankan. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sọ ìtàn mi fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà pẹ̀lú "Mojí ọmọ mi". Ìyàwó lọ́yà ló bá wọn kà á.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, tẹlifóònù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mojí ló gbé e. Kò mí sínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu rẹ̀.

"Mà, a gun Olúmọ! Mọ́mì bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e lérí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ilé wa!"

"Ta ni Mọ́mì?"

"Mọ́mì ni. Wọ́n wà níbí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Mojí, èmi ni Mọ́mì rẹ."

"Ẹ̀yin ni Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù."

"Ṣé o gbọ́ nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà mi? Ọmọ mi ni mo pè ọ́ níbẹ̀."

"Mo gbọ́, Mà. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà náà ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Sàbítíyù gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó wa! Òtútù ńkọ́? Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Adúmáadán, ta ni Mojí ń pè ní Mọ́mì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ọmọdé! Bí òròmọdìyẹ ni wọ́n rí, ẹni tó bá ń fọ́n ọkà sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Bí o bá ti dé, yóò mọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Adúmáadán."

Ẹ ṣeun ni mo sọ o. Ọkùnrin kan ń fi kọ́kọ́rọ́ kan gíláàsì àgọ́ náà pé kí n ṣe kíá. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo jáde.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí n kò wá sílé. Àwọn obìnrin ìjọ wa béèrè, wọ́n béèrè létí mi, wọ́n béèrè lẹ́yìn mi. Ọdún méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́rin. Ní ọdún karùn-ún, ọ̀nà là fún mi láti wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbà mí síbi ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ilé ìkàwé. Mo yan ẹ̀kọ́. Bí ọkọ mi bá ṣe irú rẹ̀, wọn ì bá kí i kú oríire. Nígbà tí mò ń sunkún, òun ní, "Ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹkún kí lò ń sun?" Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí òun náà wá ilé mìíràn lọ, n kò sì ní fi tàdáwà ṣòfò lórí rẹ̀ ju báyìí lọ.

Lọ́dọọdún, ní oṣù keje, mo ń kọ ìrìn méje náà ránṣẹ́. Àwọn òyìnbó ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo máa ń nàró dáhùn pé Abẹ́òkúta, mo sì ń júwe àpáta náà fún wọn bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Bí ilé bá dùn lẹ́nu ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbàgbé pé ẹnu lásán ló wà.

Oṣù keje ọdún 1986 ni mo dé. Mojí ti di ọmọ ọdún méjìlá. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti wà nínú àpò mi, nítorí mo fẹ́ mú un padà lọ ní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé n kò ní wọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ó tẹ̀lé mi tinútinú. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ní. Èmi fúnra mi ni yóò mú un rin ìrìn méje náà, bó bá fi máa pé, yóò ti mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí mo dé.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ọlidé ná, Mà," ni ó wí, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń dá àlejò lóhùn.

A lọ sí Olúmọ. Òun ló ṣáájú. "Ẹ rọra o, Mà. Ibẹ̀ yẹn ń yọ̀. Ẹ di ibí mú." Nígbà tí a dé abẹ́ àpáta kan tó ṣe bí òrùlé, ó fi ọwọ́ nu orí òkúta kékeré kan. "Ibí ni Mọ́mì ti máa ń sinmi. Orúnkún máa ń dùn wọ́n." Lókè, ó ní kí n wá ilé wa. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò rí i. Gbogbo páànù náà jọra.

"Ẹ̀yìn igi ọ̀dán yẹn, Mà," ni ó wí jẹ́jẹ́, bí tíṣà tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ kò pé sọ̀rọ̀.

Rélùwéè ńkọ́? Ó mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Ìtòkú ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ìko ju tèmi lọ. Gbogbo ibi tí mo mú un dé, òun ló ń mú mi dé ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a lọ sí Ọ̀fàdà. Àbúrò ìyá mi tó ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú, bàbá kan tí n kò mọ̀ rí ló ń dá oko náà. Bó ti rí Mojí lókèèrè ló ti ké.

"Ọ̀tá ẹyẹ ti dé! Ìyá rẹ dà? Ṣé ara wọn le?"

"Wọ́n wà nílé, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

Bàbá náà wá yíjú sí mi. "Ẹ kú àbọ̀ o, àlejò wa."

Lórí ilẹ̀ tí ìyá mi ti pa koríko nígbà tó wà lọ́mọge ló ti pè mí ní àlejò. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Mojí kó òkúta sínú kànnàkànnà, ó fì í lẹ́ẹ̀mẹta, agbo ẹyẹ gbéra lórí ìrẹsì bí ìgbà tí wọ́n gbọn aṣọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fì í, òkúta tèmi bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó dá pòròpórò ìrẹsì méjì.

"Mà, ṣé ẹyẹ lẹ̀ ń lé ni àbí ìrẹsì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo rí mú bọ̀ láti ọlidé náà, mo sì ní in lọ́wọ́ síbẹ̀. Nítorí nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, nígbà tí mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, mo bi í bóyá yóò bá mi lọ. Ó wo ojú fèrèsé títí a fi kọjá abúlé méjì.

"Bí Mọ́mì bá ní kí n lọ, màá lọ, Mà. Bí wọn ò bá sọ ọ́, mi ò lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Sàbítíyù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń ká àdìrẹ tí yóò kó lọ sí Ìtòkú. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kì í ṣí. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, Ìyàwó. O ti rìn púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí."

N kò dìde. "Adúmáadán, Mojí ní ẹnu yín ni òun ń wò. Ẹ sọ fún un pé kí ó bá mi lọ."

"Mi ò ní dì í mú," ni ó wí. "Mi ò sì ní fi ẹnu mi lé ọmọ jáde nílé. Bí o bá lè mú un, mú un."

Ó mọ̀ pé n kò lè mú un. Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí mo ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́jọ. "Ẹ sọ fún mi pé bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni màá bá a!"

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú orúnkún mi. Àwọn lẹ́tà mi ló wà nínú rẹ̀, méje, ti ọdún kan lórí ti èkejì, wọ́n ti ká wọn títí ojú ìká náà fi fẹ́ ya. Ní ẹ̀gbẹ́ ìrìn kọ̀ọ̀kan, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ aláró mọ́ ọn. Olúmọ, àtàǹpàkò. Rélùwéè, àtàǹpàkò. Mo yára wá Aké. Àtàǹpàkò wà níbẹ̀, lọ́dọọdún. Sàbítíyù ti mú ọmọ mi lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, nígbà méje, nítorí pé ìwé mi ní kí ó lọ. Mo wo ìkeje, èyí tí mo ní kí wọ́n sọ ìtàn mi fún ọmọ. Àtàǹpàkò wà níbẹ̀ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án, èmi nìkan ni mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù. N kò dárí jì í, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá dárí rẹ̀ jì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọmọ náà pé èmi ni ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ aláró méjèèjì lé itan.

"Mo sọ fún un, Ìyàwó. Ọdún àkọ́kọ́ pàá ni mo sọ fún un, lórí Olúmọ. Mo ní, èmi kọ́ ni ìyá rẹ, ìyá rẹ ló kọ ìwé tó gbé wa dé ibí. Ọmọ náà dìde dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí n fi ọ́ han òun. Mo na ìka títí, mi ò rí ibi tí màá nà án sí. Nígbà tó sunkún tán, ó bi mí bóyá òun lè máa pe èmi ní Mọ́mì ná, títí ìwọ yóò fi dé. Ṣé kí n ní kó má pe ẹnikẹ́ni ni? Ìwọ lo kọ ọ́ síwèé, Ìyàwó. Èmi ni mo rìn ín."